Ṣé o mọ̀? Géètì tí fóònù ṣí ní Ìkẹjà àti Agége

Ṣé o mọ̀ pé fọ́tò tó gbé búrẹ́dì Agége dé ojú ayé, búrẹ́dì kọ́ ni wọ́n fẹ́ yà? Oṣù Kejì ọdún 2016 ni. TY Bello, ayàwòrán tí gbogbo Èkó mọ̀, ń ya Tinie Tempah, olórin ráàpù ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí London, ní ìgboro. Obìnrin kan tó ru búrẹ́dì sórí ń kọjá lọ tirẹ̀, ló bá bọ́ sínú àwòrán. Bí wọ́n ṣe gbé e sórí Instagram báyìí, àwọn èèyàn fi olórin sílẹ̀, wọ́n ń béèrè ta ni oníbúrẹ́dì. TY Bello wá a títí ó fi rí i: Ọlájùmọ̀kẹ́ Orisaguna, ará ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ti kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe kó tó máa kiri búrẹ́dì l'Ékòó. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ti wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ThisDay Style, CNN sì ti ń ròyìn rẹ̀.

Ìlú tó bá fẹ́ kí àlejò wá, a máa náwó sórí ìpolówó. Agége ò ná kọ́bọ̀. Ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló gba iwájú kámẹ́rà kọjá.

Búrẹ́dì náà gan-an ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Jàmáíkà ló sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó? Amos Shackleford lorúkọ rẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní 1913 láti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, nígbà tó sì di 1921 ó dá iléeṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Òun ni wọ́n ní ó mú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọlé, ẹ̀rọ tó jẹ́ kí búrẹ́dì wa ki, kó ṣeé fà bí ìgbà tí èèyàn ń fa rọ́bà, kó má sì rún dànù lọ́wọ́ bíi ti òyìnbó. Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀gá oníbúrẹ́dì yìí kan náà ló ṣe olórí ẹ̀ka Èkó ti UNIA, ẹgbẹ́ Marcus Garvey, ní àwọn ọdún 1920. Ká ní Twitter wà nígbà náà ni, èmi ò mọ èwo ni wọn ìbá máa tẹ̀ lé e nítorí rẹ̀, búrẹ́dì ni àbí ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù l'Ágége ni pé Àlhájì Ayọ̀kúnnú ló gbé iṣẹ́ búrẹ́dì dé ibẹ̀, tí rélùwéè sì gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Ojú irin tí wọ́n là láti Ìddó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, àárín Agége ló gbà kọjá. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, àwọn oníbúrẹ́dì á ti yí fèrèsé ká. Èrò tó bá sì rà á, orúkọ ibi tó ti rà á ló máa fi pè é nílé. Kó tó di ti búrẹ́dì, obì àti kòkó ni wọ́n fi ń mọ Agége, J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ láti 1907. Obì lọ sókè Ọya, kòkó lọ sí òkè òkun, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀kankan nínú wọn ya fọ́tò.

Lónìí, àwọn tó ń fi fídíò oúnjẹ pawó á dúró ti ààrò lówùúrọ̀ kùtù, wọ́n á fi ọwọ́ ya búrẹ́dì gbígbóná sí méjì níwájú kámẹ́rà, wọ́n á wá kì í bọ ẹ̀wà àgọ̀yìn, oúnjẹ tí àwọn obìnrin láti apá Benin àti Togo mú wọ Èkó. Búrẹ́dì Agége ti wà ní ṣọ́ọ̀bù Peckham ní London, ó ti wà ní Houston. Ní 2017, UNESCO fi pizza Naples sínú àkójọ àṣà ayé. Ní 2022, ó kan búrẹ́dì gígùn ti àwọn Faransé. Ti Agége kò sí níbẹ̀, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni l'Ágége ń sunkún. Ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham tó bá bọ̀ wá sílé ti mọ adùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló fẹ́ fojú rí.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan yìí ló gbé mi dé Ìkẹjà. Ṣé o mọ̀ pé iléeṣẹ́ ọtí tó wà ní Ògbà, Ìkẹjà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ni àkọ́kọ́ tí Guinness ní nílẹ̀ Áfíríkà? Àwọn ọmọ Nàìjíríà sì mu ún dáadáa: nígbà tó fi di 2007, a ti mu ún kọjá àwọn ará Ireland tó ni ín. Nílé Guinness fúnra rẹ̀ ní Dublin, wọ́n mú ilé àtijọ́ kan nínú ọgbà iléeṣẹ́ wọn, wọ́n sọ ọ́ di ibi àfẹ́ tí wọ́n ń pè ní Guinness Storehouse. Oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i. Àlejò tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n á sanwó ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wo bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí, wọ́n á gun òkè ilé lọ mu ife kan, wọ́n á wá fi gbogbo ìlú Dublin ṣe ẹ̀yìn àwòrán ara wọn.

Cadbury náà ńkọ́? Bournville, ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ilé rẹ̀. Láti ara orúkọ Bournville náà ni orúkọ Bournvita ti jáde. Ní 1990, wọ́n ṣí Cadbury World síbẹ̀, níbi tí bàbá, ìyá àti ọmọ ti ń sanwó láti wo ìtàn ṣokoléètì. Ọmọ ìyá iléeṣẹ́ yẹn wà ní Agídìngbì láti àwọn ọdún 1960. Ilé tó ń ṣe ohun tí ìdajì wa mu kí a tó lọ síléèwé! Àmọ́ lọ sí géètì ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ọmọ méjì àti fóònù kan. Mẹ́gáàdì á béèrè ta lo fẹ́ rí, ṣé ó mọ̀ pé ò ń bọ̀, kí o sì jọ̀ọ́ gbé mọ́tò rẹ kúrò níbẹ̀ nítorí tírélà fẹ́ jáde.

Mi ò dá mẹ́gáàdì lẹ́bi. Láti Oba Akran Avenue títí dé Acme Road àti Wempco Road, iṣẹ́ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún, kì í ṣe ìran. Ògiri gíga, wáyà lókè ògiri, pátákó orúkọ, òórùn tó ń tú jáde lókè. Gbogbo ohun tó máa wu àlejò láti rí, inú ni ó wà. Ohun tí mò ń rò ni pé Ìkẹjà ní irú nǹkan tí Dublin àti Birmingham fi ń pawó, lábẹ́ orúkọ kan náà, a kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Guinness ti Nàìjíríà tilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Tolaram láti 2024. Bóyá ẹni tuntun á ní ọgbọ́n tuntun.

Nínú ọdún 2000 yẹn kan náà, nígbà tó ku ohun tí kò tó oṣù méjì kí Dublin ṣí tirẹ̀, Ìkẹjà ṣí ibi àfẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni, ní Agídìngbì. Fẹ́mi Kuti àti Yẹni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣí New Afrika Shrine, ní àyájọ́ ọjọ́ ìbí Fela, olórin Afrobeat tó jẹ́ bàbá wọn. Fóònù ilé ni gbogbo wa ń rọ́jú lò nígbà náà. Okùn tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, GSM ò sì dé títí di 2001. Ẹnu ni wọ́n fi polówó Shrine. Òbí mìíràn tilẹ̀ wà tó ń kì ọmọ rẹ̀ nílọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ ọ̀hún ló ń fi fídíò Shrine ránṣẹ́ sí ọmọ tirẹ̀ lónìí. Felabration, àjọ̀dún ìrántí Fela tí Yẹni dá sílẹ̀ ní 1998, ti di ọ̀sẹ̀ kan gbáko nínú oṣù Kẹwàá tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wọ bàálù. Ṣé o mọ̀ pé ààrẹ ilẹ̀ Faransé náà ti dé ibẹ̀? Ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2018 ni Emmanuel Macron wọ Shrine lálẹ́. Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀: nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aṣojú Faransé l'Ábùjá ní 2002, ó ti yọjú síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ní 2018, ó bá wọn ṣàwàdà pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú Shrine, inú Shrine ni yóò wà. Bẹ́ẹ̀, fóònù tó wà lókè níwájú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ kò lóǹkà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ayé ti gbọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú Shrine.

Ilé Fela tó kẹ́yìn náà wà ní tòsí, ní nọ́ńbà 7, Òpópónà Gbemisola, lẹ́yìn Allen Avenue. Òun ni Kalakuta Museum báyìí. Iwájú ilé náà ni wọ́n sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ́wọ́ nínú owó tí wọ́n fi tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i ní 2012, ọdún tí Facebook fi bílíọ̀nù kan dọ́là ra Instagram. Yàrá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, pátá rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀, àwọn pátá tó máa ń wọ̀ gba àlejò láìtijú. N kò mọ mùsíọ́mù mìíràn nílẹ̀ yìí tí àlejò ti ń rẹ́rìn-ín níwájú pátá, tó sì máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́.

Shrine tí Fela fúnra rẹ̀ ti ń kọrin ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló tún ń mú mi rẹ́rìn-ín. Òpópónà Pepple ló wà, ní Ìkẹjà níbẹ̀. Òpópónà Pepple yẹn kan náà ti di ara Computer Village, ọjà fóònù tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú Otigba, Ola-Ayeni àti Simbiat Abiola. Oníṣòwò ń ti Kutọnu àti Lomé wá ra ọjà níbẹ̀. Tuntun wà, tòkunbọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní UK used wà, àwọn ọmọkùnrin sì jókòó sábẹ́ agbòòrùn tí wọ́n ń pààrọ̀ ojú fóònù kí o tó mu omi tán. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé òun á kó ọjà náà lọ sí Katangowa. Ó ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, fóònù tí àlejò fi ń ka Shrine tuntun sílẹ̀ lè jẹ́ pé ojú òpópónà Shrine àtijọ́ ló ti rà á.

Fóònù wà lọ́wọ́, àmọ́ ṣé o rántí pé ìgbà kan wà tí ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa? Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, ó lé lóṣù méje. Gbogbo ẹni tó ń fi ibẹ̀ polówó hòtẹ́ẹ̀lì, ijó àti oúnjẹ ló fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn ọ̀dọ́ kọ́ VPN lóru ọjọ́ kan: ẹni tó jókòó sí Pen Cinema l'Ágége, ẹ̀rọ á máa sọ pé Amsterdam ló wà.

Irọ́ ẹ̀rọ yẹn kò tilẹ̀ jìnnà púpọ̀. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tó wà ní Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1979, àwòṣe Schiphol ti Amsterdam ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ wá ṣe Detty December, àríyá òpin ọdún, ti kọ́kọ́ ń tẹlẹ̀, ì báà jẹ́ Lekki ni wọ́n ń lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé oṣù Kejìlá ọdún 2024 mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 71.6 dọ́là wọlé nínú ìrìnàjò afẹ́ àti ìgbádùn. Kì í ṣe Ìkẹjà ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ dúró sí. Erékùṣù ló ń kó o. Àlejò á kan fi ojú Ìkẹjà ya fídíò àkọ́kọ́, "mo ti dé o," á wọ mọ́tò, ó di gbéré.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè ṣàì sọ nípa fídíò wọ̀nyí. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, àmọ́ fóònù ti sọ ìròyìn di ohun tí èèyàn ń rò pé òun ti fojú bà. Ẹni tó wo fídíò Ìkẹjà kò rí gó-ìsílóò Oba Akran. Kò rí àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń yọ sí ẹni tó gbé kámẹ́rà ńlá dání pé owó ilẹ̀ àwọn dà, tàbí ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ya ara rẹ̀ nínú gó-ìsílóò. Èyí tó tún dùn mí jù ni àwọn tó ń ya obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá ojú irin, tí wọn ò béèrè orúkọ rẹ̀, tí wọn ò ra ọjà rẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ sì ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún olólùfẹ́ jọ fún wọn. TY Bello padà lọ wá oníbúrẹ́dì tirẹ̀ kàn. Ẹni mélòó ló ń padà lọ?

Ó kù díẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin Red Line tó ń gba Agége àti Ìkẹjà kọjá láti Àgbádò dé Oyíngbò, Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn ọkọ̀ rẹ̀ fún? Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló ní kí iléeṣẹ́ Talgo ṣe wọ́n fún ìlú Milwaukee. Ìjọba tuntun dé síbẹ̀, àdéhùn dàrú, àwọn ọkọ̀ tuntun sì jókòó lásán fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gba Milwaukee lọ, ó sì kéde pé Èkó ti rà wọ́n. Ààrẹ Tinubu ṣí ọ̀nà náà ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, àmọ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Wo ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni wọ́n bí Fela ní 1938, ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí Shrine, ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí Kalakuta Museum. Àwọn ọmọ Fela ló mọ̀ọ́mọ̀ mú ti Shrine àti ti mùsíọ́mù. Ti rélùwéè yìí, mo gbà pé ó kàn bọ́ síbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, fóònù ló ju àpò lọ nínú ọkọ̀.

Bí o bá fẹ́ lọ jìnnà ju Àgbádò lọ, ti ìjọba àpapọ̀ wà, tó ń lọ sí Ìbàdàn láti 2021. Ibùdókọ̀ Agége ń jẹ́ Babátúndé Rájí Fáṣọlá. Ti Papalantó níwájú ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fela, tí àwọn ṣọ́jà jù láti ojú fèrèsé ilé ọmọ rẹ̀ ní Agege Motor Road ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977. Ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ìbátan wọn. Èèyàn púpọ̀ ti fi ọkọ̀ yẹn ṣe fídíò, nípa àga rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ àti bí kò ṣe sí gó-ìsílóò lójú irin. Ti ìyá náà àti ìbátan rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ó ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé fóònù rẹ̀ sókè. Kó ra búrẹ́dì kó tó wọlé.